Jáàmù Gúáfà Tí Mo Ní Ó Ti Dì

Kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá ẹ̀mí mi sí títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ jẹun nínú àwo kan ti lọ. Èmi ṣì ń jí láàárọ̀, mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ìsìn, ojú mi sì ń rí Bíbélì kà bí mo bá ti wọ awò. Kì í ṣe pé mo sàn jù wọ́n lọ. Bí ẹ bá ka ìwé yìí dé ìdí, ẹ óò rí i pé n kò sàn jù wọ́n lọ. Àánú ni mo rí gbà, mo sì dúpẹ́ fún àánú náà.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ yìí yọ. Ó ń ṣe kéèkì tà ní Fájuyì, irú èyí tí wọ́n ń yan nínú tíréè pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń tẹ́ nǹkan dídùn lé lórí kí wọ́n tó gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé jáàmù tí òun tẹ́ sórí kéèkì ń ṣàn. Bí òun bá ti ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ṣe ni ó ń wọ́ sílẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

"Màmá àgbà, wọ́n ní ẹ̀yin náà ṣe é rí nílé ìwé yín. Báwo lẹ ṣe ń mú un dì?"

Mo sọ fún un. Mo sọ irú gúáfà tó yẹ kó rà, àti bí yóò ṣe ro ó pẹ́ tó, àti bí yóò ṣe dán an wò. Ó fi fóònù rẹ̀ gba ohùn mi sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ohun tí n kò lè sọ fún un lójúkojú ni mo jókòó kọ yìí, kí òun àti ẹ̀yin yòókù lè kà á.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ní láti gun àpótí kí n tó lè rí inú ìkòkò ẹ̀kọ ìyá mi, àdúgbò Òkè-Ìlá níhìn-ín ni à ń gbé, nínú yàrá méjì lẹ́yìn ilé ẹbí bàbá mi. Ìyá mi ń se ẹ̀kọ tà. Àgbàdo ni a máa ń rẹ, tí a ó lọ̀, tí a ó fi aṣọ sẹ́. Ìyá mi á da ògì náà sínú omi tó ń hó, á ro ó títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n, á sì dì í sínú ewé eéran nígbà tó bá ṣì gbóná. Bó bá di àárọ̀, ẹ̀kọ ti dì. Kò sí ẹ̀kọ ìyá mi tó ń fọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń sọ pé bí èèyàn bá jù ú mọ́ ògiri, ògiri ni yóò là.

Bàbá mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Igi ló wó lù ú lóko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló wá di olórí ilé. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó máa ń fún wa níṣu, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún òrùlé wa ṣe nígbà tí atẹ́gùn ṣí i. Ṣùgbọ́n ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé bí ọmọbìnrin bá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ìwé rẹ̀ ti tó.

Èmi ni àbíkẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́bí, àárín wa sì jìn, nítorí àwọn méjì tó wà láàrin wa kò dúró. Ilé ìwé àwọn obìnrin tó jẹ́ ti ìjọ wa ni ó ń lọ. Ó ga, ó dúdú, ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, bí ẹlòmíràn bá sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, onítọ̀hún yóò rí ìjà rẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní A, B, D. Èédú ló fi kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná, ìyá mi sì fi ohùn líle bá a wí nítorí ògiri náà.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, kò sí ẹni tí yóò máa san owó ilé ìwé rẹ̀. Bàbá Àgbà sì ti rí ọkọ fún un. Ọkùnrin kan ni, tó ń gbé ní abà kòkó kan lọ́nà Oǹdó, tó dàgbà ju ìyá mi lọ, tó sì ti ní ìyàwó méjì nílé. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó fún mi ní bisikíìtì, ó sì bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n mi lè ru ẹrù tó wúwo.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà á sílẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè ni, Míìsì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ará ìhà Abẹ́òkúta ni. Ó máa ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìwé, Èkìtì ẹnu wa sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún ni ilé ìwé náà ń mú ọmọ kan tí kò ní bàbá, tí yóò máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, tí yóò máa ran ilé ìdáná lọ́wọ́, tí wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi jáde. Míìsì ti fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ilé ìwé ní kí òun rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà ná. Ọjọ́ ìkórè ń bọ̀, àwọn àlejò yóò wá láti olú ilé ìjọ. Kí ẹ̀gbọ́n mi se ohun tí wọn yóò fi ṣe àwọn àlejò náà lálejò, kí ó sè é nílé ìyá rẹ̀ láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó gbé e wá.

Kéèkì pẹrẹsẹ tí wọ́n tẹ́ jáàmù gúáfà lé ni Míìsì mú fún un. Jáàmù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ fà sára búrẹ́dì. Ó gbọdọ̀ dì tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi lè gé e, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúró ṣánṣán, tí àlejò yóò fi ọwọ́ mú un láìsí pé ó lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun rẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi ròyìn èyí fún Bàbá Àgbà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ṣé gúáfà ni yóò wá gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ọkọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa di ọjọ́ ìkórè."

"Mo ti gbọ́. Bí ulé ìwé bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, mo panu mọ́. Bí wọn ò bá gbà á, kó tó di ọjọ́ keje, ó ti wọkọ̀. Ulé ọkọ náà ní ulé ìdáná tirẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí jáàmù bá dì, ẹ̀gbọ́n mi dúró. Bí kò bá dì, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Ọmọ kékeré ni mí, ṣùgbọ́n ó yé mi dáadáa. N kò ní fi àìmọ̀ bojú níwájú yín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìkórè ni a ṣe é. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, igi ìdáná wa tutù. A kó gúáfà sílẹ̀ lórí ẹní, ẹ̀gbọ́n mi sì ń ṣà á. Èyí tó pọ́n ló ń mú un dùn, èyí tí kò tíì pọ́n tán ló ń mú un dì, nítorí náà ó da méjèèjì pọ̀. A gé e, a sè é, a fi asẹ́ sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò, a da ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, a sì gbé e padà síná. Láti ìgbà yẹn lọ, ríro ló kù. Ẹni tí kò bá ro irú nǹkan yìí rí lè rò pé eré ni. Bó ṣe ń ki ni ó ń ta. Á hó gbùù lábẹ́, á sì ta pàà sí ọ lọ́wọ́, kò sì ní ṣàn kúrò bí omi gbígbóná, ṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ awọ ara, á máa jó o lọ.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní láti gbé kéèkì tó ti pò lọ yan ní ilé oníbúrẹ́dì kan nítòsí Ọjà Ọba, nítorí àwa kò ní ààrò tí a lè fi yan nǹkan. Oníbúrẹ́dì náà máa ń jẹ́ kí àwọn ará ìjọ lo ààrò rẹ̀ bí búrẹ́dì tirẹ̀ bá ti jáde, ṣùgbọ́n èèyàn ní láti dúró de ìgbà tó bá kàn án. Kí ó tó lọ, ó jókòó tì mí.

"Gbọ́, olórí kunkun. Àwo tánganran yìí, inú omi tútù ni kó máa wà. Bí ó bá ti ki, gbé àwo náà jáde, nù ún, kán jáàmù díẹ̀ sí i. Dúró díẹ̀. Wá fi ìka rẹ la ọ̀nà gba àárín rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá padé, kò tíì dì, máa ro ó lọ. Bí ọ̀nà náà bá dúró bí títì, ó ti dì nìyẹn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo wí?"

"Bí ó bá padé, kí n máa ro ó."

"Ọmọ dáadáa. Má fi ìka lá a tán kí n tó dé."

Ìyá mi ló ń ro ó, èmi ń dáná, mo sì ń dán an wò. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ẹ̀kọ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìlẹ̀kùn níwájú ilé. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ni, wọ́n ti ń pè é, kò sì lè lé wọn. Ó gbé orógùn lé mi lọ́wọ́.

"Máa ro ó, má dúró. Bó bá ti dì, pè mí."

Mo ń ro ó. Mo dúró lórí àpótí mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orógùn mú. Èéfín igi tútù ń wọ ojú mi. Jáàmù ta sí mi ní ọrùn ọwọ́, ó jó mi dé eegun, mo sunkún díẹ̀, n kò sì dúró. Mo gbé àwo jáde, mo kán an, mo fi ìka là á. Ó padé. Mo ro ó síwájú sí i, mo tún là á. Ó tún padé. Lẹ́yìn ògiri wa, àwọn ọmọ ilé kejì ń ta òkòtó, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí tẹni tó pẹ́ jù kó tó ṣubú. Mo là á nígbà kẹta. Ó padé, ṣùgbọ́n ó lọ́ra díẹ̀ kó tó padé.

Ìyá mi kígbe láti iwájú ilé. "Ṣé ó ti dì?"

Mo ní, "Ó ti dì, Màámi."

Gbólóhùn kan péré ni. Láti ìgbà náà, mo ti kàwé, mo ti kọ́ àwọn ọmọ mìíràn, mo ti dúró níwájú ìjọ sọ ẹ̀rí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ tó wúwo tó ìyẹn.

Ìyá mi wọlé, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó fọ́n omi pa iná nítorí pé igi kò pọ̀ nílẹ̀. Èmi ti wà lọ́dọ̀ àwọn olókòtó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé kéèkì dé, wọ́n da jáàmù lé e lórí, ó sì dára lójú, pupa rẹ̀ ń dán. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró. Ẹ̀gbọ́n mi gbé apá kan tíréè náà sókè díẹ̀, jáàmù náà sì rọra wọ́ lọ sí apá kejì.

Ìyá mi pè mí wọlé. "Ṣé o fi ìka là á?"

"Mo là á."

"Ọ̀nà yẹn dúró?"

"Ó dúró, Màámi."

Ìgbà kejì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀ níbi ìdí ààrò, ó rí àwo tánganran níbi tí mo fi í sí. Jáàmù tó wà lórí rẹ̀ ti padé pẹrẹsẹ, ọ̀nà kankan kò sí láàrin rẹ̀. Ó wò ó. Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àwo náà, ó tì í bọ inú omi, ó sì fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ìyá wa tó yí ojú padà.

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká ha á kúrò, ká dá a padà síná."

Ìyá mi ha á kúrò, ó sì tún iná dá. Ṣùgbọ́n igi tó kù tutù, èéfín ló ń rú, iná náà kò lágbára. Ẹ̀rù ti bà á. Ó wo ìkòkò jáàmù, ó wo ìkòkò ògì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí mo ń dààmú? Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń mú kí omi dì."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màámi, Míìsì ní a ò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn sí i."

"Míìsì ò se ẹ̀kọ rí."

Ó bu ògì, ó dà á sínú jáàmù, ó sì ro ó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ògì mú un kíákíá. Ó ki, ó ń fà, ó ń ṣe bí ẹ̀kọ. Wọ́n tún dà á sórí kéèkì. Nígbà tí oòrùn fi rọ̀, ó ti dúró gbọnin. Ìyá mi fi ọ̀bẹ gé igun kan, igun náà sì dúró bíi bíríkì. Ó gé igun kékeré yẹn sí mẹ́ta, a jẹ ẹ́. Ó dùn. Inú mi dùn ju tiwọn lọ, nítorí mo rò pé Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí.

Ìyá mi wá ṣe ohun tó ń ṣe sí ẹ̀kọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi ewé eéran bò ó lójú yíká, ewé lórí ewé, ó sì dì í pa. Ó ní ooru ara rẹ̀ ni yóò mú un gbó. Òótọ́ ni ní ti ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n gúáfà a máa kan lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ọsàn wẹ́wẹ́, gbogbo kíkan wọn sì dojú kọ ògì yẹn lábẹ́ ewé, ó ń tú u. Ooru di omi lábẹ́ ewé, omi ń kán padà sórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣí i wò. Ẹlẹ́kọ kì í ṣí ẹ̀kọ kó tó dé ọjà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ tó funfun, tí ìyá mi ti fi irin eléèédú lọ̀. Ó ru tíréè náà lórí, a sì tẹ̀lé e. Bàbá Àgbà náà wá, ó wọ agbádá, ó jókòó lẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn. Ọ̀gá àgbà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò. Míìsì fúnra rẹ̀ gba tíréè lórí ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ká ewé kúrò.

Omi ló kọ́kọ́ jáde. Ó ṣàn láti etí tíréè, ó sì pọ́n lára aṣọ funfun. Kéèkì tó wà lábẹ́ ti mu omi tán, ó ti rọ̀ bí fùfú. Òórùn ògì kíkan gba gbogbo ibẹ̀. Míìsì ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, jáàmù náà sì là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń rìn lórí omi rẹ̀.

Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan. "Ẹ̀kọ àti gúáfà, ó ku mọ́ínmọ́ín." Àwọn mìíràn fi ọwọ́ bo ẹnu.

Míìsì kò bínú. Ó bo ewé padà, ó sì rọra béèrè. "Ìyá, kí lẹ fi sí i?"

"Ògì ni, mà."

"Kí ló dé? Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí i tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta níwájú mi. Ta ló dán an wò lórí àwo kí ẹ tó gbé e kúrò níná?"

Ìyá mi wo ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí mi lára. Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ohun tó wà nílẹ̀ yìí lè yí padà. Wọn ì bá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kò ṣàṣìṣe, wọn ì bá fún un láyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fi aṣọ ìyá mi bojú. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo tíréè.

Ìyá mi ní, "Èmi ni, mà. Mo kánjú."

Ọ̀gá àgbà sọ nǹkan kan fún àwọn àlejò ní òyìnbó, wọ́n sì kọjá lọ síbi tábìlì mìíràn. Nígbà tí mo fi wẹ̀yìn, Bàbá Àgbà ti dìde, ó ń tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká.

Kò pé ọjọ́ keje. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, a sin ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi tí ọkọ̀ ẹrù ń dúró sí lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ọkùnrin yẹn ti rán ènìyàn wá mú un. Àpótí rẹ̀ kò wúwo. Ìyá mi ń bá ẹni tí wọ́n rán náà sọ̀rọ̀, ó ń ka ohun tí ọmọ òun kì í jẹ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé yóò sọ ọ́. Mo ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ mi sókè, ó wo ibi tí jáàmù ti jó mi ní ọrùn ọwọ́, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ó ní, "Ó ti ń jinná. Má máa họ ọ́."

Lẹ́yìn náà, ó gun ọkọ̀.

Ó kọ lẹ́tà méjì. Nínú èkejì, ó béèrè bóyá mo ti mọ ìṣirò dé ibi pínpín. N kò fèsì, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá mú kálàmù, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn láti kọ, n kò sì lè kọ ọ́. Mo ní bó bá wá sílé ní ọdún, èmi yóò kúnlẹ̀, èmi yóò sọ fún un pé kó dárí jì mí. Kò wá ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí iṣẹ́ kòkó. Kò wá ní ọdún kejì, nítorí oyún. Ní ọdún kẹta, ọkùnrin kan wá láti abà náà, ó bá Bàbá Àgbà wọ yàrá, nígbà tí wọ́n sì jáde, Bàbá Àgbà kò lè wo ojú ìyá mi. Oyún kejì ni. Abà náà jìnnà sí ilé ìwòsàn, ọ̀nà kò sì dára lákòókò òjò. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, òun àti ọmọ inú rẹ̀. A kò rí ojú rẹ̀.

Bàbá Àgbà kò tún gbé ọ̀rọ̀ ọkọ kalẹ̀ nípa mi láé. Míìsì ló wá kí ìyá mi kú ọ̀fọ̀, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wa fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí ó sì ń lọ, ó ní kí ìyá mi fi èmi ránṣẹ́ sí òun. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé ìwé náà mú mi. Àyè kan náà ni, ibùsùn kan náà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, iṣẹ́ kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé jáde, ibẹ̀ ni mo ti mọ Olúwa, ibẹ̀ ni mo padà sí láti kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ohun tí ẹ rí lára mi, àyè ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi rí i. Nítorí náà, bí mo bá ń dúpẹ́ nínú ìjọ, tí ẹ rí i pé n kì í jó bí àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Mo ń dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ọpẹ́ mi ní ẹ̀gún nínú ni.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi darúgbó, kò tún bi mí léèrè mọ́ bóyá nǹkan ti jinná. Ó lè wà lórí ibùsùn, ìrora lè mú un lẹ́sẹ̀, bí mo bá ń se iṣu, yóò dìde, yóò fọwọ́ ti ògiri wá sí ilé ìdáná, yóò fi ọ̀bẹ gún un wò fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ó ti mọ̀ nígbà tó sọ pé òun ni, òun kánjú.

Mo jẹ́wọ́ fún un ní ìkẹyìn. Ó ti gbó gan-an, ó ti ń gbàgbé ènìyàn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ pé ọ̀nà yẹn padé nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fetí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú mi, nítorí mo ń sunkún. Ó wá ní, "Má sunkún mọ́. Ọmọ ta ni ọ́? O ṣeun tí o wá kí mi." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi bí èèyàn ṣe ń ṣàdúrà fún àlejò.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba lónìí, ẹ óò rí jáàmù nínú ìgò oríṣiríṣi. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń bù sí i, á sì dì láìsí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni jó. Iná gáàsì kì í bẹ̀rù òjò. Bí ọmọ ọmọ mi bá ba tíréè kan jẹ́, yóò sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀, yóò dà á nù, yóò tún òmíràn ṣe kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń wò ó, mo sì máa ń yin Ọlọ́run pé ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni kò sí lórí tíréè rẹ̀. Ní ayé tiwa, ohun kékeré báyìí ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀mí ọmọbìnrin lé, wọn a sì ní kí ó ṣọ́ra kó má ṣubú. N kò sọ pé ó ti tán pátápátá. Mo ṣì ń rí àwọn ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì, tí wọ́n ń ru ọmọ sẹ́yìn lọ́nà oko. Bí ẹ bá rí irú wọn, ẹ má kọjá lọ.

Mo ti di àgbàlagbà báyìí, ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sì sí níhìn-ín láti gbọ́. Mo ti sọ fún Ọlọ́run, mo sì gbàgbọ́ pé Ó ti dárí jì mí, nítorí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó yàtọ̀ sí kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ìyá mi.

Kí Olúwa bùkún ìwọ tó ń kà á. Kí ó pa ilé rẹ mọ́, kí ó má jẹ́ kí o gba àyè ẹlòmíràn kí o tó di ẹni tó láyè. Bí ohun kan bá sì wà láàrin ìwọ àti ẹnì kan tó wúwo fún ọ láti sọ, kí Ó fún ọ ní ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí etí onítọ̀hún ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ, tí ó sì ṣì mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́.